Wọ́n ní kí n buwọ́ lu ìwé tí mi ò tíì parí: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Kabba
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni pé, kí àwọn tó ń kọ software tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń lọ bá àwọn tó máa lò ó, kí n béèrè bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, kí n sì kọ gbogbo ohun tí software náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀. Requirements là ń pè é. Ilé iṣẹ́ wa gba iṣẹ́ ìjọba kan: kí a kó àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú fáìlì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n fún mi. Ìpàdé 3 la ṣe, dírẹ́kítọ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì sọ ju "ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà" lọ. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta, mo lọ jókòó ti màmá tó ń tọ́jú fáìlì. Ọkùnrin tó ni fáìlì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978 lábẹ́ Kwara. Ìgbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní August 27, 1991 ló tó di òṣìṣẹ́ Kogi. Ẹni kejì, ará Idah, bẹ̀rẹ̀ ní 1974: Kwara, Benue, Kogi. Ìpínlẹ̀ 3 ló sìn láì kúrò nílùú rẹ̀. Nínú ìwé tí ọ̀gá mi ti kọ tẹ́lẹ̀, àyè kan ṣoṣo ló wà fún ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí àyè fún ìpínlẹ̀ tó sìn.

Ọ̀gá ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n kọ ọ́ pé requirements ti pé, kí n buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ẹtì. Tíṣà ni bàbá mi, 1979 ló bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ Kwara, ta ni yóò dá ọdún 12 padà fún un?

Bàbá Ìyàrà
Ọmọ mi, má buwọ́ lù ú. Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, lójú ìjọba, kò ṣẹlẹ̀. Kọ méèmò ojú ewé kan sí dírẹ́kítọ̀, sọ ohun tí o rí nínú fáìlì méjèèjì yẹn, kí wọ́n fi sínú fáìlì iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i. Dírẹ́kítọ̀ lè gba tíránsífà lọ́la. Fáìlì kì í gba tíránsífà.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà
Bàbá, mo júbà yín. Méèmò dáa, àmọ́ kò tó. Àbúrò, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe l'Abuja. Má kọ̀ ọ́ délẹ̀, wọ́n á wá ẹlòmíì tó máa buwọ́ lù ú. Kọ ohun tó dá ẹ lójú, kí o ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohun tí a kò tíì wádìí, kí o wá buwọ́ lu méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn náà, gba fáìlì 20 lọ́wọ́ màmá yẹn, kó jẹ́ àwọn tó le jù. Tẹ̀lé ọ̀kan láti orí tábìlì dé orí tábìlì, kí o ka iye ọwọ́ tó kàn án. Ohun tí a kò lè dán wò, má kọ ọ́. "Kó yára" kì í ṣe requirement. "Kó ṣí fáìlì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 lórí network tó wà ní ọ́fíìsì yẹn," ìyẹn ṣeé dán wò.

Àṣìṣe yìí wọ́n. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là sórí software fáìlì ìwádìí wọn, wọ́n sì pa á tì ní 2005. Lára ohun tó bà á jẹ́ ni pé requirements kò dúró sójú kan.

Ìyá Ìsánlú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó ń tọ́jú fáìlì. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà máa ń gba iwájú wa kọjá sí yàrá ọ̀gá, wọn kì í kí wa. Àwa náà á panu mọ́. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ń bà wá pé tí a bá kọ́ yín tán, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Màmá tó ṣí fáìlì fún ẹ ti fọkàn tán ẹ. Padà lọ bá a.

Bi í pé fáìlì wo ló ń fún un ní wàhálà jù. Tèmi, orúkọ ni. Obìnrin á fi orúkọ bàbá gba iṣẹ́, á fi ti ọkọ fẹ̀yìn tì. Ọmọ Yàgbà á ní ìwé 3, ọ̀nà 3 ni wọ́n á gbà kọ orúkọ rẹ̀, torí akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ èdè wa. Tí kọ̀ǹpútà bá gba orúkọ kan ṣoṣo, irú wọn á di àjèjì nínú àkọsílẹ̀ ara wọn. Bi í pẹ̀lú, kí ló ń ṣe lọ́jọ́ tí kò bá síná? Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ọ́ sí, ó dá mi lójú. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ rọ́nà wọlé nígbà tí iná bá dé.

Ọmọ Ẹgbẹ̀
Má fi fóònù ya fáìlì ẹnikẹ́ni o. Òfin ààbò dátà ti wà láti 2023. Kọ àpẹẹrẹ rẹ láìsí orúkọ.

Ọmọ Kabba
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, ẹ̀gbọ́n, Ìyá wa. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí. Nínú fáìlì 20, 13 ló ní ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Màmá sì mú ìwé ńlá náà jáde fúnra wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú ewé kan, mo fún ọ̀gá mi àti dírẹ́kítọ̀. Ọ̀gá bínú, àmọ́ dírẹ́kítọ̀ béèrè pé ṣé 13 lóòótọ́, ó ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ilé ni mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi ní lẹ́tà tí Kwara fi gba àwọn síṣẹ́ ṣì wà nínú àpótí.