Ṣé ká wo apá kẹsàn-án Star Wars, àbí ká fi mọ síbi tó dùn dé?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ti wo mẹ́jọ nínú fíìmù Star Wars mẹ́sàn-án tó sọ ìtàn ìdílé Skywalker, látorí ti ọdún 1977 dé The Last Jedi. Ó ku The Rise of Skywalker tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ni mo bá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ. Àwọn kan ní ó tu àwọn lára, àwọn kan ní eré sísá lásán ni. Àwọn lámèyítọ́ tó yìn ín lórí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò wọn jọ, fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ apá kẹjọ ju 90 nínú 100. Ọmọ ti so aṣọ ìnura mọ́rùn, ó di igi ìgbálẹ̀ mú bí idà ìmọ́lẹ̀, ó ń wò mí lójú. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jàre, iye yẹn kì í ṣe máàkì ìdánwò. Iye àwọn tó ní fíìmù dáa ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ní “kò burú” àti ẹni tó ní kò sírú ẹ̀ rí, ọ̀kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Ìjà ló wà ńlẹ̀, fíìmù ò fìdí rẹmi. Àwọn òǹwòran tí CinemaScore, iléeṣẹ́ tó ń béèrè èrò àwọn tó wo fíìmù, bi fún un ní máàkì B+.

Aríwísí: Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Rian Johnson darí apá kẹjọ, J.J. Abrams gba apá kẹsàn-án. Ohun tí ti Johnson sọ nípa òbí Rey, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni ìtàn náà, ti Abrams yí i padà. Bí ẹni méjì tó ń pa àlọ́ kan ṣoṣo, tí èkejì ń ní “rárá, kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹni tí apá kẹjọ dùn mọ́ á bínú, ẹni tó kórìíra ẹ̀ á pàtẹ́wọ́. Èwo lẹ̀yin?

Àbúrò Yín: Ṣebí torí Rey jẹ́ ọmọ-ọmọ…

Ìyá Ìbejì: Panu mọ́! Wọn ò tíì wò ó!

Bàbá Àgbà: Carrie Fisher, òṣèré tó ṣe Leia, ti kú láti oṣù Kejìlá ọdún 2016. Àwòrán tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń ya apá keje ni wọ́n tò sínú eléyìí. Ẹ ṣọ́ ibi tó ti ń bá Rey sọ̀rọ̀: gbólóhùn tirẹ̀ kúrú, Rey ló ń sọ èyí tó pọ̀. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, omi ṣì bọ́ lójú mi.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Èmi fẹ́ràn apá kẹjọ, ọmọ ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. A ó wò ó ní Sátidé, màá mú aṣọ ìnura tèmi náà dání nítorí ti Carrie Fisher. Àbúrò, mo ti rí ohun tóo kọ o.