Ewé sọ́kúlẹ́ǹtì mi ń jẹrà kó tó ta gbòǹgbò, ẹ gbà mí o (Kubwa, Abuja)

IyaTemi_Kubwa
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú òjò náà. Ọ̀rọ̀ fláwà ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò ó bíi nǹkan kékeré torí ó ti ń dùn mí dọ́kàn. Kubwa ni mò ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, bálíkóní kékeré kan wà níwájú pálọ̀ wa tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni mo kó àwọn sọ́kúlẹ́ǹtì mi sí, ìyẹn àwọn fláwà tó ń tọ́jú omi sínú ewé wọn. Ọdún tó kọjá ni mo ra echeveria kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fláwà létí títì, ẹni tó bá ní in á mọ̀ ọ́n, ewé rẹ̀ nípọn, ó tò yípo bí òdòdó rósì, ó ní nǹkan funfun lára bí ẹni fi àtíkè pa á. Àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin rí i nígbà tó wá kí wa, kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, gbogbo ìgbà tó bá ti pè ló ń béèrè pé ọmọ fláwà òun dà. Ẹnì kan ló wá sọ fún mi pé ewé kan ṣoṣo téèyàn bá já lára rẹ̀ tó gbé lé yẹ̀pẹ̀ lè di odindi fláwà.

Mo já ewé méjìlá nínú oṣù kẹjọ. Mo bu ilẹ̀dú tó dúdú dáadáa, èyí tí mo fi ń gbin ewédú, mo ri ewé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dé ìdajì, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo tún fi ọ̀rá bò ó kó lè móoru. Kò ju ọjọ́ karùn-ún lọ, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara bí omi ẹ̀kọ, mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó tú sí mi lọ́wọ́, omi tó jáde lára rẹ̀ ń rùn. Gbogbo méjèèjìlá ló lọ. Oṣù kẹsàn-án yìí mo tún já mẹ́jọ, mẹ́fà ti jẹrà, méjì tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, wọn ò kú wọn ò sì hù. Ìyá wọn gan-an ti wá pá nísàlẹ̀, igi lásán ló kù tí ewé díẹ̀ wà ní ṣónṣó orí. Mo gé ewé aloe vera náà rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ti snake plant (fláwà tí ewé rẹ̀ gùn dúró ṣánṣán bí idà yẹn), aloe ti ń di omi báyìí. Ṣé ilẹ̀ Abuja yìí ni kò gbà á ni àbí ọwọ́ mi? Nílé wa tẹ́lẹ̀ èmi ni wọ́n máa ń pè pé kó wá gbin nǹkan torí ohun tí mo bá gbìn máa ń hù, ìyẹn ló jẹ́ kó ká mi lára tó báyìí.

Baba_Oloko_Kaduna
Ìyá Tèmi ẹ kú ìrójú. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yín, ilẹ̀ Abuja náà ò sì jẹ̀bi, omi lẹ fi pa wọ́n. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé Kàdúná tí mo ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú èèbù iṣu wo ewé yìí. Ṣé ẹ rántí pé tí àwọn bàbá wa bá gé èèbù tán wọn kì í gbé e sínú ebè lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn, wọ́n á tò ó sábẹ́ ibòji kí ojú ọgbẹ́ yẹn gbẹ, torí ojú ọgbẹ́ tútù tó bá kan ilẹ̀ tútù, ìjẹrà ló kàn. Ewé echeveria náà nìyẹn. Omi tó máa lò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó ṣe nípọn, àwọn ilẹ̀ gbígbẹ ní Mẹ́síkò ló ti wá, kò retí omi àárọ̀ àti tàlẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa já a ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì di ìdí ewé mú, ẹ rọra máa mì ín sọ́tùn-ún sósì títí ẹ máa fi gbọ́ tó máa ta kẹ́ẹ́, á yọ fúnra ẹ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé, kó funfun kó sì rí roboto bí èékánná ọmọ tuntun. Tó bá ya tí díẹ̀ kù sára igi, ẹ jù ú nù, torí ibi ìdí yẹn gan-an lọmọ ti ń yọ, ewé tí ò nídìí lè ta gbòǹgbò kó má bímọ láéláé.

Ẹ tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn nínú ilé, níbi tí oòrùn ò ti ní kàn wọ́n ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ń fẹ́. Lásìkò òjò yìí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan, tí ọyẹ́ bá dé ọjọ́ méjì mẹ́ta ti tó. Tí ojú ọgbẹ́ bá ti gbẹ tó le, ẹ gbé e LÉ orí yẹ̀pẹ̀, ẹ má rì í, ẹ má bomi. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ẹ máa rí gbòǹgbò pupa rẹ́súrẹ́sú tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ìgbà yẹn lẹ tó máa fín omi sí i díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ìyá ewé yẹn á máa hunjọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ẹ má yọ ọ́ o, ọmú ló ń fún ọmọ mu, ẹ jẹ́ kó gbẹ bíi bébà kó já fúnra ẹ̀.

Ilẹ̀dú ewédú yẹn náà kọ́, omi kì í tètè kúrò lára ẹ̀. Múdù méjì yanrìn odò tó rí hánrunhánrun sí múdù kan ilẹ̀dú, ẹ rún èédú wẹ́wẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má lo yanrìn kíkúnná tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri, tí omi bá kàn án á dì pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì, gbòǹgbò ò ní rọ́nà gbà. Tó bá jẹ́ ike lẹ fẹ́ lò, ẹ ki ìṣó bọ iná kẹ́ ẹ fi lu ìdí ẹ̀ bí ihò márùn-ún.

Noosi_Lugbe
Òótọ́ pọ́ńbélé ni Bàbá sọ. Àǹtí mi, aloe vera yẹn ẹ jẹ́ kó máa lọ, ewé aloe kì í ta gbòǹgbò, á kàn jẹrà ni. Ọmọ ìdí lẹ máa yọ bí ìgbà téèyàn ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ dúró kó gùn tó ìka kan kó sì ti ní gbòǹgbò tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á lára ìyá ẹ̀.

Snake plant ní tiẹ̀ ń hù látinú ewé àmọ́ ó lóhun tó ń fẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo gé ewé gígùn kan sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, mo tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n gbẹ, ọmọ mi kó wọn ṣeré, nígbà tí mo fẹ́ rì wọ́n mi ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí mọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró. Mẹ́rin péré ló hù, márùn-ún tí mo dorí wọn kodò jẹrà lábẹ́ ilẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ téèyàn bá dorí ẹ̀ kodò ṣì lè rọ́gbọ́n ẹ̀ dá, èyí ò gbà rárá. Látìgbà yẹn tí mo bá ń gé e mo máa ń gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣónṣó bí ẹnu gègé, kí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí bó ṣe lè rú mi lójú mọ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ní yẹ́lò létí ewé ni tiyín, ọmọ tó máa tinú ewé jáde ò ní ní yẹ́lò o, gírínì lásán ló máa jẹ́, àfi kẹ́ ẹ tú u látìdí kẹ́ ẹ pín in. Ẹni tó bá dàgbà lábúlé á mọ ojá ìkookò, ẹbí snake plant yìí kan náà ni, òun ló ń hù fúnra ẹ̀ nínú igbó lọ́dọ̀ wa.

Ayo_Samaru
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá yìí, ojú wa ti mọ ọn tipẹ́, àbámọdá ńkọ́? Èmi a máa já ewé ẹ̀ kan, màá fi pín-ìn kàn án mọ́ kàlẹ́ńdà lára ògiri, kò sí yẹ̀pẹ̀ kò sí omi, láìpẹ́ láìjìnnà ọmọ á máa yọ létí ewé, níbi tí etí ewé ti gé wọnú yẹn gan-an, pẹ̀lú gbòǹgbò wọn tó funfun bí irun arúgbó. Àbámọdá, ọ̀dúndún, echeveria, jade, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Tí ọkàn yín bá ti rẹ̀wẹ̀sì ẹ fi àbámọdá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ìdí ẹ̀, oró wà nínú ẹ̀ tó ń ba ọkàn ẹran ọ̀sìn jẹ́.

Àsìkò náà ò tún bá yín ṣe é. Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án lòjò ń ya lulẹ̀ jù lápá ibí, ara afẹ́fẹ́ gan-an tutù, kí ni ojú ọgbẹ́ fẹ́ fi gbẹ? Níbí ní Samaru, ní Zaria, ìparí oṣù kẹwàá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni mo máa ń já tèmi. Ọyẹ́ táwọn èèyàn ń sá fún yẹn ò ṣe sọ́kúlẹ́ǹtì ní nǹkan, alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí ihò ara wọn mí, wọ́n á pa á dé lọ́sàn-án kí omi wọn má bàa lọ. Eruku ọyẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbọ̀n kúrò, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún torí àtíkè ara ẹ̀ yẹn tó bá ti ṣí kì í padà sórí ewé yẹn mọ́, òun ló sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Oòrùn oṣù kẹta sí ìkẹrin lẹ máa sá fún, ìyẹn máa sun ewé kékeré pátápátá, ẹ gbé wọn kúrò kó tó di aago mọ́kànlá.

Tẹ́ ẹ bá tún rí kòkòrò funfun bí òwú láàárín ewé, ẹ fi òwú bọ inú spirit kẹ́ ẹ fi nù wọ́n kúrò, kẹ́ ẹ sì wá ibi tí èèrà ń gbà, torí èèrà ló ń gbé wọn kiri, nǹkan dídùn kan ń jáde lára kòkòrò yẹn tí èèrà ń jẹ.

IyaTemi_Kubwa
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti hú méjì tó kù yẹn jáde látinú ilẹ̀dú, mo wo ìdí wọn, ọ̀kan ti dúdú, èkejì ṣì le koko. Mo ti gbé e sórí ìwé ìròyìn lórí fíríìjì. Bàbá, ìyá wọn tó ti pá yẹn ńkọ́? Ó ga bí ọ̀pẹ, ó ń dun ojú.

Baba_Oloko_Kaduna
Ẹ gé e lórí. Mo mọ̀ pé àyà yín á já, ṣùgbọ́n ẹ gé e. Ẹ fi spirit nu ọ̀bẹ tó mú dáadáa, ẹ gé orí yẹn kúrò kẹ́ ẹ jẹ́ kí igi tó tó ìwọ̀n ìka méjì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé e sínú ife kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbé e lé yanrìn. Kùkùté tó kù, ẹ má jù ú nù o! Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ bá ti gbẹ délẹ̀, ọmọ máa yọ lára ẹ̀ níbi tí ewé ti já. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ti rí ti Ìlọrin, á yára ju ti ewé lọ. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló sì jẹ́ kó ga bẹ́ẹ̀, ó ń nàgà wá oòrùn, ẹ sún un mọ́ etí bálíkóní.

IyaTemi_Kubwa
Oṣù kọkànlá rèé mo padà wá jábọ̀ fún yín. Kùkùté yẹn ti bí mẹ́ta!!! Ọwọ́ mi gbọ̀n lọ́jọ́ tí mo gé e, ọkọ mi ló bá mi di ike mú. Orí tí mo gé ti ta gbòǹgbò, mo fà á díẹ̀ kò mì. Ewé kan ṣoṣo tó kù yẹn náà, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé mo ń gbá bálíkóní mo tẹ̀ wò ó, mo rí nǹkan kékeré lẹ́nu ìdí ẹ̀, kò ju orí ìṣáná lọ, mo ka ewé ẹ̀ ó jẹ́ márùn-ún, àtíkè ti wà lára ẹ̀ látìsinsìnyí. Mo pe Tèmi kó wá wò ó, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ la ń lọ Ìlọrin. Ọkọ̀ èrò la máa wọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀kan dé ibẹ̀ tí ò ní fọ́?

Noosi_Lugbe
Ẹ kú oríire àǹtí mi, inú mi dùn gan-an! Ẹ má gbé ike lọ rárá. Ẹ já ọ̀kan tó tóbi jù lára kùkùté ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí ojú ẹ̀ gbẹ, ẹ fi tíṣù wé e, ẹ gbé e sínú páálí bàtà ọmọdé, ẹ lu ihò sí páálí yẹn, kẹ́ ẹ gbé e lé itan, ẹ má fi sínú búùtù ọkọ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìrí omi. Ẹ sáà kọ́kọ́ pe àbúrò yín kó lọ wá yanrìn hánrunhánrun sílẹ̀.