Irin wo ni mo lè fi ṣe owú alágbẹ̀dẹ, kí ni kí n sì gbé e lé?

Ọmọ_Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mo fẹ́ máa rọ ọ̀bẹ àti ọkọ́ lẹ́yìnkùlé wa. Mo ti ní ẹwìrì àti ẹ̀mú, owú, irin tí wọ́n ń gbé irin gbígbóná lé lù, ló kù. Ẹnì kan ní òun á bá mi wá irin rélùwéè, ẹlòmíì ní kí n lo ásù tírélà. Èwo ló dáa? Igi wo ló sì lè gbà á dúró?

Wẹ́dà_Ìkẹ́rẹ́: Wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn, kí wọ́n jó etí rẹ̀ mọ́ orí irin yòówù tó o bá rí. Ó parí.

Ọmọ_Onírè: Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ìyẹn. Bó bá jẹ́ etí nìkan lẹ jó, àárín á ṣófo, á máa dún bí garawa, agbára ẹni á sì ṣòfò.

Àbúrò, ojú irin ò gba Èkìtì kọjá. Ọ̀fà tàbí Òṣogbo ni irin yẹn á ti wá, ohun ìní ìjọba sì ni. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní ìwé, má rà á.

Ásù ni kó o wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ńlá, èyí tó ní etí pẹrẹsẹ tó ní ihò bóòtù. Kí wọ́n gé e kù bí ẹsẹ̀ bàtà 1, kó o gbé e dúró lóòró, etí yẹn nísàlẹ̀, kí bóòtù dè é mọ́ igi. Ojú ibi tí wọ́n gé ni wà á máa lù. Kò ní fẹ̀, àmọ́ gbogbo irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń gba òòlù. Owú bàbá mi ní Ìrè ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun ni wọ́n fi ń rọ àdá. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ rin ojú rẹ̀, kí wọ́n rọra. Bó bá gbóná débi tó di búlúù, líle rẹ̀ ti dínkù.

Kùkùté ìrókò tàbí àpá tó ti gbẹ ni kó o lò, kó dúró bó ṣe hù. Ri í mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 2, fi ọ́ìlì àlòkù pa ìdí rẹ̀ nítorí ikán, fi òjá irin dè é lórí kó má baà là. Ní ti gíga, dúró ṣánṣán, di ìkúùkù, jẹ́ kí apá rẹ sọ̀ kalẹ̀: ibi tí ìkúùkù bá dé ni ojú owú á wà. Bó bá ga jù, èjìká á máa ro ọ́; bó bá kúrú, ẹ̀yìn ni.

Ọmọ_Adó: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kọnkéré ò lè rọ́pò igi?

Ọmọ_Onírè: Rárá o. Òòlù á máa fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ irin. Bó o bá da kọnkéré sílẹ̀, igi ni kó wà láàárín òun àti owú.