Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ti ṣeré rí nínú fíìmù aládàáṣe (èyí tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ló ń náwó sí i), ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ọdún Kẹta
Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, kẹ́místrì ni mò ń kà, n ò sì tí ì ṣeré níwájú kámẹ́rà rí. Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé ni mo rí: wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó máa ṣe àbúrò nínú fíìmù kan. Mo lọ, mo ka ojú ìwé méjì fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà bí ẹni tó ń fi ìbínú pa mọ́ sínú. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí.

Olùdarí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni. Àwa méje péré la wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òṣèré mẹ́ta ló wà nínú wa. Ìran tí a kọ́kọ́ yà ni èyí tó kẹ́yìn ìtàn, ibi tí mo ti ń ká aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú sínú àpótí. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi yìí, àárọ̀ ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ara wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tá a bá ara wa sọ ò tó gbólóhùn mẹ́wàá. Wọ́n wá ní kí n sunkún rẹ̀.

Omijé ò wá. Ìgbà kẹrin, ìgbà kẹfà, kò wá. Ojú ń tì mí gan-an, torí aago mẹ́rin la gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá yẹn, oòrùn sì ti ń kúrò lójú fèrèsé. Olùdarí ò jágbe mọ́ mi. Ó wá jókòó tì mí nílẹ̀, ó ní kí n gbàgbé ẹkún, kí n sáà ká aṣọ náà dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ kí aṣọ òun rún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan ò fẹ́ wọlé. Ibi tí mo ti ń bá bọ́tìnì yẹn fà á ni nǹkan kan ti já nínú mi. Ìyẹn ni wọ́n lò.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí fún gbogbo yín, kí wọ́n fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ sọ tiyín.

Gbólóhùn Kan
Ọjọ́ kìíní tèmi, ìran ìgbéyàwó ni. N ò mọ orúkọ ọkọ.

Ẹni Ẹ̀yìn Kámẹ́rà
Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ibi tí iná wà la máa ń tẹ̀ lé, a kì í tẹ̀ lé ìtàn. Bí ìran mẹ́fà bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan, ọjọ́ kan náà la máa ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí kíkó iná, wáyà àti kámẹ́rà láti ibì kan dé ibòmíì lè jẹ ìdajì ọjọ́. Ìran kan ṣoṣo pàápàá kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. A ó yà á láti òkèèrè kí gbogbo yàrá hàn, ká tó wá sún mọ́ ojú ẹnì kìíní, ká tún kọjú sí ẹnì kejì. Bó o bá gbé ife sókè nígbà tó o sọ pé “rárá”, orí “rárá” náà ni kó o ti máa gbé e títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó máa gé e pọ̀ ti wọ gàù.

Onífìlà
Ọ̀rọ̀ ife yẹn kàn mí lára. Irun ni tèmi. Ọjọ́ Sátidé nìkan la fi ń ṣiṣẹ́, torí akẹ́kọ̀ọ́ ni àwa mẹ́rin, olùdarí náà sì níṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di oṣù márùn-ún. Ní oṣù kẹta, ìdánwò dé, n ò ráyè irun mọ́, mo lọ gé e. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá pé nǹkan kan máa tìdí ẹ̀ yọ. Bí mo ṣe dé ojú iṣẹ́ ni gbogbo wọn dákẹ́. A ti ya ibi tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn, irun bò mí létí. Ibi tí mo ti wọlé ló kù. Ẹ fojú inú wò ó: mo kanlẹ̀kùn tirun tirun, mo wọlé lórí fífá! Olùdarí bọ́ síta, ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ká wá fìlà, ká tún ti ẹnu ọ̀nà yà. Fìlà náà wá ń fẹ́ ìdí. Wọ́n kọ gbólóhùn kan kún un pé òtútù ń mú mi. Bí òtútù bá ń mú mi, ó yẹ kó mú àwọn yòókù náà, ni gbogbo wọn bá wọ súwẹ́tà, nínú yàrá tí iná kámẹ́rà ti ń hó bí ààrò. Ọdún mẹ́rin rèé. Tí mo bá rántí ẹ̀yìn olùdarí yẹn níbi tó dúró sí, ó ṣì máa ń dùn mí.

Màmá Orí Ìtàgé
Ọmọ mi, ẹ̀bi rẹ kọ́. Níbi tí iṣẹ́ bá ti pé, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣọ́ irun, aṣọ, ọwọ́ aago àti bí omi inú ife ṣe ga tó, kó sì máa ya fọ́tò wọn. Bí wọn ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, olùdarí ló yẹ kó ti kìlọ̀ fún ọ láti ọjọ́ kìíní.

Kòsáwàáwí
Mà, ẹ má bínú, ẹ̀bi ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbà láti ṣe fíìmù, orí ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan mọ́ títí wọ́n á fi parí.

Màmá Orí Ìtàgé
Ọmọ tó ń ṣèdánwò? Tí wọn ò sì fún ní nǹkan kan?

Kòsáwàáwí
Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ irun, mà.

Onífìlà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi jà. Mo ti gba tèmi.

Afẹ́fíìmù
Ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kò sóhun tuntun níbẹ̀ o. Fíìmù gígùn tí Christopher Nolan kọ́kọ́ ṣe, tó jáde ní 1998, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi yà á fún bí ọdún kan, torí gbogbo wọn ló níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Owó ọ̀rá fíìmù wọ́n, wọ́n wá ń fi eré náà dánra wò gan-an ṣáájú, kó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ya ìran kan.

Ń Retí
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọdún méjì rèé, n ò tí ì rí fíìmù náà.

Gbólóhùn Kan
Yéè. Èmi náà.

Ọmọ Bàbá Aláṣọ
Àwa pọ̀! Tèmi, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n kó o sí ló bàjẹ́. Èmi ni mo gbé aṣọ wá látilé, èmi ni mo ń lọ aṣọ fún gbogbo ènìyàn, mo ṣe wákàpáàsì nígbà mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo tún ní ìran tèmi gan-an. Gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹni Ẹ̀yìn Kámẹ́rà
“Ẹ̀rọ bàjẹ́” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kó wà, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ibòmíì. Ní tèmi, a kì í pa ohun tó wà lórí káàdì kámẹ́rà rẹ́ láìjẹ́ pé a ti fojú rí ẹ̀dà méjì. Ó dùn mí gan-an fún ọ.

Ń Retí
Mo ti kọ̀wé sí wọn nígbà márùn-ún. Wọ́n ní wọ́n ṣì ń gé e. Kì í ṣe owó ni mò ń bi wọ́n. Ìran kan péré ni mo fẹ́, kí n lè fi han àwọn tí mo bá lọ bá fún iṣẹ́ mìíràn.

Kòsáwàáwí
Ṣé ìwé wà?

Ń Retí
Ìwé tí mo fọwọ́ sí ni pé mo gbà kí wọ́n lo ojú àti ohùn mi. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí wọ́n máa fún mi.

Màmá Orí Ìtàgé
Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: oúnjẹ, owó ọkọ̀, wákàtí iṣẹ́, orúkọ yín lópin fíìmù, àti ìgbà tí ẹ̀dà ìran yín máa tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Afẹ́fíìmù
Mà, bí gbogbo wọn bá ń béèrè gbogbo ìyẹn, fíìmù kékeré ò ní ṣeé ṣe mọ́. Robert Rodriguez lọ fara ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń dán oògùn wò kó lè rówó, nǹkan bí 7,000 dọ́là ló sì fi ya fíìmù ẹ̀ tó jáde ní 1992.

Màmá Orí Ìtàgé
Ara tirẹ̀ ló fi sílẹ̀. Kì í ṣe ara ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹni Ẹ̀yìn Kámẹ́rà
Àti pé owó yẹn kọ́ ló gbé e dé sinimá. Ilé iṣẹ́ ńlá tó rà á ná owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì lórí ohùn àti ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má fi iye yẹn dẹ́rù pa àwọn ọmọ.

Olójú Oorun
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ wákàtí. Òru la parí lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún, mo tún wakọ̀ relé. N ò rántí afárá tí mo gbà kọjá. N ò rántí ẹ̀ rárá. Ìyẹn ló lé mi kúrò, kì í ṣe eré ṣíṣe.

Ẹni Ẹ̀yìn Kámẹ́rà
Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 1997, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kámẹ́rà ṣiṣẹ́ wákàtí 19, oorun gbé e lọ nídìí ọkọ̀ bó ṣe ń lọ sílé, ó sì kú. Haskell Wexler, àgbà nínú iṣẹ́ kámẹ́rà, jà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé kí iṣẹ́ òòjọ́ má kọjá wákàtí 12. Níbi tí mo bá wà, bó bá ti pé 12, màá pa iná. Kí wọ́n bínú.

Oníyẹ̀yẹ́ Kékeré
Ọmọ kẹ́místrì, ìwọ gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù wà, ohun títa tí òṣèré máa ń fi sí abẹ́ ojú kí omijé lè wá. Kí lo ń bá bọ́tìnì jà fún?

Ọmọ Bàbá Aláṣọ
😂😂 Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kòsáwàáwí
Ìrẹ́jẹ ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ẹkún tí kò tọkàn wá, kámẹ́rà máa mọ̀.

Ẹni Ẹ̀yìn Kámẹ́rà
Kámẹ́rà ò mọ nǹkan kan. Mo ti rí ojúlówó ẹkún tó rí bí ọ̀fìnkìn, mo sì ti rí ẹni tó fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí abẹ́ ojú tí gbogbo wa fi dákẹ́. Bó bá di ìgbà kẹjọ tí o ń sunkún kan náà, ara máa ń gbẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àfetísílẹ̀
Èmi ò lọ́rọ̀ ẹkún o. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí ẹni tó ń gba ohùn bá ní kí gbogbo ènìyàn dúró gbagidi, kó gba ohùn yàrá lásán fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n lè rí nǹkan fi dí àlàfo nígbà tí wọ́n bá ń gé e. Òṣèré, ẹni tó gbé iná, ẹni tó ń ṣe ojú, gbogbo wa á dúró bí ère, kò sẹ́ni tó máa mí kíkan. Mo ti jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, n ò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn bí mo ṣe mọ àwọn méjìlá yẹn nínú ìdákẹ́ yẹn.

Gbólóhùn Kan
Ìgbà tí inú mi máa ń kùn nìyẹn.

Màmá Orí Ìtàgé
Ọmọ Ọdún Kẹta, o dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa, o sì bá tìẹ lọ. Ṣé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n inú fíìmù yẹn ti wá mọ ara yín?

Ọmọ Ọdún Kẹta
Ẹ má bínú mà, yàrá ìwádìí ni mo wà. A ti mọ ara wa dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la tó ya àwọn ìran tó ti wà láàyè. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́bàá tábìlì, ó ń de bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú. Bọ́tìnì náà ò wọlé fún òun náà, ló bá yíjú sí mi, ó ní kí n bá òun ṣe é. Kò sí nínú ìwé eré. Mo bá a ṣe é, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, olùdarí ò sì sọ pé ká dúró.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa tún ohùn gbólóhùn méjì gbà, torí ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí wa nígbà náà. Ń Retí, màá béèrè ẹ̀dà tèmi kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.