Ṣé kí n gbẹ́ igi ìbọn bàbá mi?

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, àrìnpa o. Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni. Mo fẹ́ de ojú ìfojúsùn Lyman 48 àtijọ́ (irú èyí tó ní ihò kékeré tí a ń yọjú wò nínú rẹ̀) mọ́ ráífù tí bàbá mi fi sílẹ̀ (ìwé àṣẹ wà o). Ihò síkúrù ti wà lára irin ìbọn, ṣùgbọ́n ìdí ojú náà gùn wálẹ̀, igi kò jẹ́ kó jókòó. Káfíńtà àdúgbò ní òun á gé e kíá. Kíá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù!

Ṣé kí n fi èéfín àtùpà pa ìdí ojú náà dúdú, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, kí n máa ha ibi tó bá dúdú díẹ̀díẹ̀? Àlàfo wo ni kí n fi sílẹ̀, kí igi má baà sán tí ìbọn bá ta padà?