Ọkọ̀ gbá àbúrò mi lórí kẹ̀kẹ́: ṣé kí ó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé wá?

Ọmọ Ìbarà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Àbúrò mi tí ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbá láti ẹ̀yìn nígbà tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ bọ̀ láti Láfẹ́nwá ní ìrọ̀lẹ́. Egungun apá ọ̀tún rẹ̀ kán. Awakọ̀ náà kò sá lọ. Òun gan-an ni ó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì san owó ìtọ́jú alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà gbé ₦60,000 wá, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi báírò kọ sí ojú ewé tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé ọmọ iléèwé, pé: “Mo ti gba owó mi pé, n kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé.” Àwọn àgbà ilé wa ní kí a gbà á, nítorí pé kò yẹ kí a fa ẹni tí ó dúró ti ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́. Awakọ̀ náà tún ń sọ pé kẹ̀kẹ́ náà kò ní iná lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

Agbẹjọ́rò Òkè Ìlẹ̀wó:

Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run yóò wo àbúrò yín sàn. Ẹ má jẹ́ kí ó tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn. Kì í ṣe pé kí á yanjú ọ̀rọ̀ nílé burú, ohun tí ó burú ni “n kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé” nígbà tí dókítà kò tíì lè sọ bí apá náà yóò ṣe jinná sí. Egungun tí kò bá tò dáadáa lè di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni káfíńtà sì fi ń jẹun. Bí ẹ bá nílò owó náà fún ìtọ́jú, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá kan owó ìtọ́jú ni, kí tọ̀tún tòsì sì fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbà pé owó gbà-má-bínú kò ní láti ti àpò awakọ̀ nìkan jáde. Láti ìgbà òfin 1945 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tí ń rìn lójú pópó ní adójútòfò fún ẹlòmíràn, èyí tí a ń pè ní third party insurance, àbúrò yín tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì ni “ẹlòmíràn” náà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni ọkọ̀ àdáni ń san lọ́dún, ohun tí iléeṣẹ́ adójútòfò sì lè san lórí dúkìá tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́ lè tó ₦3,000,000. Adójútòfò kan náà ni ó bo ìpalára ara. Nítorí náà, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà, orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé adójútòfò náà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹsẹ̀ tó parẹ́. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, iléeṣẹ́ adójútòfò náà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹ tó pe ẹjọ́, tàbí láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ bá pè é.

Ní ti iná, adájọ́ lè pín ẹ̀bi, kí ó sì dín owó kù, ṣùgbọ́n àìsí iná kò sọ pé kí awakọ̀ gbá ènìyàn láti ẹ̀yìn. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, títí dé ti oògùn àti ti owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé owó tí ẹ bá sọ pé ẹ ná, ilé ẹjọ́ yóò béèrè ẹ̀rí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Kútọ̀:

Ẹ béèrè fún ìwé àbọ̀ dókítà, kì í ṣe káàdì ilé ìwòsàn nìkan. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń kà á mọ̀ pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí owó. Bí apá yín kò bá ká owó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council. Wọ́n ń gba ẹjọ́ àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ìbarà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. A kò ní fọwọ́ sí i. Rìímù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ká. Ṣé a lè ti tún un ṣe, kí àbúrò tí ó tẹ̀lé e lè máa gùn ún lọ sí iléèwé?

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́:

Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o. Kí ọlọ́pàá àti àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ọkọ̀ wò, kọ́kọ́ rí i, kí ẹ ya fọ́tò rìímù ẹ̀yìn tí ó ká náà dáadáa, nítorí pé òun ni ẹ̀rí pé láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá a. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gba iye owó àtúnṣe lọ́wọ́ oníṣẹ́, ní kíkọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wá tún un ṣe tán, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gùn ún jáde láìsí iná funfun níwájú àti gíláàsì pupa lẹ́yìn, èyí tí iná ọkọ̀ máa ń mú tàn. Ẹ yẹ rọ́bà bíréèkì wò pẹ̀lú. Ìlú wa kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì ti rí rọ́bà tí ó jẹ tán tí irin rẹ̀ ń ha rìímù, tí ẹni tí ó gùn ún kò sì mọ̀ títí tí ó fi dé ibi tí kò ti lè dúró mọ́. Kí ó má sì rìn mọ́ ẹnu gọ́tà pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé bí ọkọ̀ bá fún un mọ́ ibẹ̀, kò ní ríbi yà sí. Kí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn awakọ̀ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Kí akoto má sì kúrò lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ iléèwé tí ó wà nítòsí ni ó ń lọ.