Orísun ni mo ń wá, ìgbà ìrúwé ni mo kọ

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín níbí lórí títúmọ̀ èdè, ó yẹ kí èmi náà sọ tèmi. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Èkìtì, ó ti tó ọdún 11. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹnì kan tó máa ń mú àlejò lọ sí Ìkògòsì wá bá mi nílé. Àwọn kan ń bọ̀ láti Kútọnu, ó ní kí n bá òun yí ìwé pélébé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa omi náà sí Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìkògòsì mọ bó ṣe rí: omi gbígbóná ń sun láti ibì kan, omi tútù ń sun láti ibòmíràn, wọ́n á wá pàdé, síbẹ̀ tí èèyàn bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. "Warm spring" ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo wá "spring", ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí ni printemps. Ilẹ̀ ti ṣú, iná kò sí, mo sì fẹ́ parí iṣẹ́. Mo kọ printemps chaud sílẹ̀ níbi mẹ́fà.

Printemps ni ìgbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Àṣé mo ń pe àlejò pé kí wọ́n wá wẹ̀ nínú ìgbà ìrúwé!

Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ náà láti ṣe ògbufọ̀. Wọ́n ti ka ìwé mi nínú ọkọ̀. Màmá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, ọmọ Kétu ni wọ́n, wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa. Wọ́n fà mí sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lẹ̀ ń pe ibi tí omi ti ń sun jáde?" Mo ní orísun ni. "Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní orísun náà ni. Wọ́n ní, "Source nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé fi ń pe méjèèjì."

Ara mi bù máṣọ. Source chaude ló yẹ kí n kọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ru ẹrù mẹ́ta pọ̀: ìgbà ìrúwé, ibi tí omi ti ń sun, àti irin lílọ́ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí Faransé ń pè ní ressort. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó ṣí ìwé rárá. Mo ní atọ́nà lẹ́nu láti kékeré, n kò bi í léèrè.

Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé ní kíláàsì mi, Yorùbá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gbà wá là o. Tí mo bá ní "mo mọ̀ ọ́n", Yorùbá kò ní sọ fún mi bóyá savoir (mímọ ọ̀rọ̀) ni àbí connaître (mímọ èèyàn), bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí màá ṣe gbọ́n tó tí màá fi Yorùbá mọ̀ pé abo ni tábìlì jẹ́ fún Faransé. Ìyẹn, àkọ́sórí ni. Ṣùgbọ́n é àti è kì í da àwọn ọmọ mi láàmú, torí pé e àti ẹ tiwa ni. Ó ń dùn mí wọra pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá, èyí tí wọ́n ń pè ní "fanákúlà".

Elélùbọ́ Adó

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi ná mi lówó. Mo ń di èlùbọ́, gààrí àti ata gígún sínú ọ̀rá, mo sì rí oníbàárà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ ní Faransé pé kò sí kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́ nínú rẹ̀. "Preservative" ni Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá kọ sans préservatif. Oníbàárà mi pè mí, ojú ń tì í láti sọ ọ́: kọ́ńdọ́ọ̀mù ni préservatif! Conservateur ni wọn ìbá kọ. Èmi àti àwọn ọmọ mi fi ọwọ́ ṣí lébẹ́ẹ̀lì 400 kúrò lára ọ̀rá. Lára ata, wọ́n kọ poivre, èyí tó jẹ́ irú ìyèré. Piment ni ata tiwa, poivron sì ni tàtàṣé. "Pepper" ni Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo wọn.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo lọ sí Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan tí a kọjá sí Kútọnu, mo fẹ́ ra oúnjẹ lọ́wọ́ màmá kan, mo ní tu, ìyẹn "ìwọ". Màmá náà dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọ́n wò mí títí. "You" ló wà lọ́kàn mi, kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní "ẹ" ni mo rò, vous ni ì bá jáde lẹ́nu mi. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún mi ní ẹja kún un.

Ẹ tún wo quatre-vingts, ogún lọ́nà mẹ́rin, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn lé lórí. Ṣebí ọgọ́rin náà ni.

Ìyá Ìbejì, Ìdó

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kọ orúkọ oúnjẹ fún ìgbéyàwó ọmọ mi, Tógò ni àwọn àna wa ti ń bọ̀. Fóònù ní patate douce ni "yam". Ṣé iyán wa náà nìyẹn?

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Rárá o, màmá! Ọ̀dùnkún ni ìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ló ń pe ọ̀dùnkún ní "yam". Iṣu ni igname, iyán sì ni igname pilée. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àna yín á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wò ó lálẹ́ yìí.